Wọ́n fún mi ní 52, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé ní UK, ẹ gbà mí

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé.

Máṣítà nípa ìlera aráàlú ni mo wá kà ní ìlú kan lápá àríwá England. Oṣù kẹsàn-án ni mo dé. Nílé, mo wà lára àwọn tó ń jókòó níwájú; bí olùkọ́ bá bi kíláàsì ní ìbéèrè, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá àròkọ mi àkọ́kọ́ padà: 52. Olùkọ́ kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì há mi lọ́kàn níbẹ̀ ni "descriptive". Mo wò ó títí. Ṣé èébú ni àbí ìmọ̀ràn?

Ká ní máàkì nìkan ni, mi ò bá ti gbé e mì. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú sẹ́mínà wa. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń gbẹ̀yìn kún, ọjọ́ mìíràn kì í tilẹ̀ kún rárá. Wọ́n pín wa ní márùn-ún márùn-ún fún iṣẹ́ àjọṣe. Ó di ọjọ́ kẹrin kí n tó mọ̀ pé àwọn mẹ́rin yòókù ti ní WhatsApp tiwọn, mi ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo la ẹnu, ọ̀kan nínú wọn ní "Sorry?" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ní kò sí nǹkan kan. Látọjọ́ náà ni mo ti dákẹ́.

Mo ń ṣe iṣẹ́ kíà nílé ìtọ́jú lóru Ọjọ́bọ̀, kíláàsì sì wà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo ti pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù ń bọ̀ lọ́nà. Ilẹ̀ ni màmá mi tà kí n tó wọ bàálù, mi ò lè pè wọ́n kí n wá máa sunkún sí wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Ẹtì ni kó o kọ́kọ́ mú, àbúrò. 52 kò lè lé ọ kúrò nílùú, àmọ́ àìyọjú sí kíláàsì lè lé ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló dúró fún ọ lórí físà yẹn. Bí wọn ò bá rí ọ mọ́, dandan ni kí wọ́n sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá oorun ló gbé ọ lọ.

Wákàtí 20 ló pọ̀ jù tó o lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí táàmù bá ń lọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń sọ, láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè ni. Kò sí pé o ṣe 14 lọ́sẹ̀ yìí, kó o wá gbé 6 tó ṣẹ́kù lọ fi kún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan wà tá a jọ gbélé rí. Máníjà rẹ̀ á pè é: "Jọ̀ọ́, ẹnì kan ò wá o, bá mi dí àyè rẹ̀." Inú rere ló fi ń dí i. Ọjọ́ tí wọ́n wo ìwé owó oṣù rẹ̀, kò síbi tí wọ́n kọ inú rere sí.

Sọ fún máníjà tìrẹ lónìí kí wọ́n gbé òru Ọjọ́bọ̀ lọ sí òru Ẹtì tàbí òru Àbámẹ́ta. Ilé ìtọ́jú kì í rí òṣìṣẹ́ tó lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbà. Lẹ́yìn náà, kọ ìmeèlì sí ọ́fíìsì ẹ̀ka rẹ nípa kíláàsì mẹ́ta yẹn kí àwọn tó kọ sí ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀ níbí.

Tíṣà Oníṣọ́ọ̀kì

Mo ń kọ́ni ní yunifásítì nílẹ̀ yìí, ọdún kọkànlá rèé. Ẹ jẹ́ kí n bá a wo 52 yẹn.

Lákọ̀ọ́kọ́, o yege. Ní máṣítà níbí, 50 ni ìyege, 60 ni merit, 70 ni distinction, kò sì sí èyí tó ga ju ìyẹn. Iye ìgbà tí mo ti fún ènìyàn ní 80, ìka ọwọ́ mi tó o kà. Nílé, ẹni tó gba 68 á máa fojú wá 90. Níbí, ó ti lọ ra ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Descriptive" kì í ṣe èébú. Ó ń sọ fún ọ pé o ròyìn, o ò dá sí i. Àwa tí wọ́n kọ́ nílé, wọ́n kọ́ wa ká gba ohun tí àgbà sọ ká sì dá a padà bó ṣe wà, ká má fi ẹnu tiwa kún un. Ìwà ọmọlúàbí ni. Níbí, wọ́n á ní o kò ronú ni. Wò ó báyìí. Ká ní o kọ pé: "Lágbájá sọ pé omi adágún ló ń fa ibà lábúlé. Tàmẹ̀dò sọ pé àìsí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni." Òótọ́ ni pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. 52 rèé. Wá wo èyí: "Lágbájá ní omi adágún ni, ṣùgbọ́n abúlé mẹ́ta péré ló dé, ìgbà òjò ló sì débẹ̀, nígbà tí kò síbi tí omi kì í dúró sí. Ọdún kan gbáko ni Tàmẹ̀dò fi wo abúlé ogójì. Tàmẹ̀dò ni mo fara mọ́, àyàfi ní ti àwọn abúlé etí odò." Ìwé méjì kan náà ni, o ò ka ẹ̀kẹta. Àmọ́ o ti dá ẹjọ́, máàkì rẹ sì ti ń wo ọ̀nà 65.

Ohun kejì ni wákàtí ọ́fíìsì. Gbogbo wa la ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ tí ilẹ̀kùn wa ń ṣí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ mu tíì. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn náà lọ yunifásítì máa ń yà wọlé bí ẹni tó ń kọjá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n á fi gba ohun tó máa gbé máàkì wọn sókè. Àwọn ọmọ wa kì í wá. Nílé, a mọ ohun tí ayé ń rò nípa ẹni tó ń dá lọ sí ọ́fíìsì lẹ́kọ́ọ̀. Ó fẹ́ lọ tọrọ máàkì ni, tàbí nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí, ara iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún mi lé lórí ni. Owó tìrẹ sì wà níbẹ̀.

Ìmeèlì rẹ kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́rin lọ. Má kọ "I humbly wish to", má dọ̀bálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ tó fi parí ìmeèlì tiẹ̀ ni kó o fi pè é, bó ti wù kó nira fún ẹnu rẹ tó. Ní o ti ka ohun tó kọ, o sì fẹ́ kó fi ibì kan ṣoṣo hàn ọ́ nínú àròkọ náà tó ti yẹ kó o dá sí i. Ibì kan péré.

Ọmọ Peckham

Ẹ má fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín o, ẹnu ìyá àgbà ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé torí ẹ̀gbọ́n wá láti Nàìjíríà ni. London ni wọ́n bí mi sí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lèmi náà ń sọ̀rọ̀, àga ẹ̀gbẹ́ mi náà sì ń ṣófo. Lọ́dún 2019, Universities UK, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì, àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NUS jọ gbé ìwé kan jáde. Wọ́n ka iye àwọn tó ń jáde pẹ̀lú first tàbí 2:1 (ipò méjì tó ga jù nínú dìgírì), ti àwọn òyìnbó sì fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwa tí a kì í ṣe òyìnbó lọ. Ẹ bá dá àwa aláwọ̀ dúdú yọ sọ́tọ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe pé a ò mọ̀wé wá: kó àwọn tí máàkì A-level wọn, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, dọ́gba jọ, àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe àwa ọmọ dúdú, èmi náà á bi í pé kí ló ṣe ilé-ẹ̀kọ́.

Ọdún yẹn kan náà ni àjọ EHRC, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn níbí, ṣe ìwádìí tiwọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òyìnbó ló ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yọ òun lẹ́nu rí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹjọ́ sùn. Èmi náà ò sùn lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, mo ra ìwé kékeré kan tó ń wọ àpò: ọjọ́, aago, ẹni tó sọ ọ́, ohun tó sọ gan-an, ẹni tó wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbani-nímọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, torí pé àwọn yẹn kò sí lábẹ́ ẹ̀ka tí mò ń bá ṣẹjọ́. Ṣáájú ìwé kékeré yẹn, wọ́n ń fèsì fún mi pẹ̀lú "a ti gbọ́". Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pè mí sí ìpàdé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ẹjọ́ tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, gba ìwé ìparí ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní England àti Wales, OIA, àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́, lo máa gbé e lọ; ọ̀fẹ́ ni, oṣù 12 lo sì ní. Ní Scotland, SPSO ni irú àjọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Glasgow

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, Yorùbá rẹ sì dá ju ti àwọn ìbejì mi lọ. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ò ní dí kí Mọ́ńdè tó pé. Ohun tó máa ṣe ní Mọ́ńdè ni ká sọ.

Ti WhatsApp yẹn, èmi náà jẹ irú rẹ̀ rí. Ìpàdé tó tẹ̀lé e, kí ìdí ẹnikẹ́ni tó balẹ̀ lórí àga, mo ní, "Èmi ni màá ṣe akọ̀wé o." Kò sẹ́ni tó máa ń bá ènìyàn du iṣẹ́ akọ̀wé. Mo wá gba nọ́ńbà wọn níkọ̀ọ̀kan láti fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Ó tán. Ti "Sorry?" ńkọ́? Kọ́kọ́ sọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa Yorùbá máa ń kí ilé kí ọ̀nà ká tó dé ibi tá à ń lọ. Kó o tó débẹ̀, etí wọn ti lọ. Fa gbólóhùn àkọ́kọ́ díẹ̀ kí etí wọn lè bá ọ mu, ìyókù á máa tẹ̀lé e.

Má sì jókòó ti àwọn ọmọ Nàìjá nìkan. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ọdún: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọjọ́ tí mo wá olùkọ́ tó máa jẹ́rìí mi fún iṣẹ́, kò sí ìkankan tó mọ ojú mi.

Ọmọ Peckham

Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa la máa ń yí ohùn padà? Ta ló ń sọ fún àwọn mẹ́rin yẹn kí wọ́n la etí wọn?

Tíṣà Oníṣọ́ọ̀kì

Kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni. Mi ò jẹ́ kí wọ́n yan ẹgbẹ́ fúnra wọn mọ́. Èmi ni mò ń pín wọn, mo sì ń fún kálukú ní ipò tó ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: alága, akọ̀wé, ẹni tó máa bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí kálukú pe orúkọ rẹ̀ sínú fóònù fi ránṣẹ́ sí mi. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń fi kọ́ ẹnu mi. Orúkọ tí olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n pè, ẹni tó ni ín ni kò ní nawọ́ sí fún ìbéèrè. Mo tún fi ìwádìí láti Ìbàdàn àti Accra sínú ìwé kíkà wọn. Àwọn ọmọ òyìnbó ló kọ́kọ́ wá béèrè pé ṣé irú rẹ̀ tún wà.

Ẹ jẹ́ kí n tú èyí náà jáde: èmi nìkan ni olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀ka wa. Gbogbo ọmọ dúdú tó bá ń sunkún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, títí kan àwọn tí mi ò kọ́. Ìyẹn ò sí nínú owó oṣù mi o.

Bàbá Camberwell

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́. Ó wá kọ́ ìmọ̀ òfin ní London ní 1922, àìlówó àti àdágbé sì fojú rẹ̀ rí nǹkan. Nígbà ìpàtẹ ńlá ti Wembley ní 1924, ìwé ìròyìn London kan kọ ìsọkúsọ nípa àwa ará Áfíríkà; Ṣólànkẹ́ gbé kálàmù, ó fèsì. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ọmọ Sierra Leone kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Onílé ò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé nígbà náà. Wọ́n ní ó dára, àwọn á ní ilé tàwọn. Ní 1929, Ṣólànkẹ́ padà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń ti ìlú dé ìlú tọrọ owó ilé náà. Ní 1933, wọ́n ṣí i ní Camden, ìyàwó rẹ̀ sì ni ìyá ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń jiyàn òmìnira. Nkrumah dé London ní 1945, ó ṣe igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà.

Nítorí náà, Ọmọ Òṣogbo, ṣé ACS wà nílé-ẹ̀kọ́ rẹ, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti Caribbean? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń pàdé? Lọ jókòó síbi tí kò sẹ́ni tó máa ní kó o tún orúkọ rẹ pè. Lẹ́yìn náà kó o padà lọ bá àwọn mẹ́rin yẹn.

Ìṣirò Ò Parọ́

Ẹ ti fẹ́ gbàgbé owó.

Èmi dé ní January 2023. Dọ́là kan ń lọ sí nǹkan bí 460 náírà ní báńkì ìjọba. Ní June, CBN tú náírà sílẹ̀. Kó tó di ìparí February 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó tí bàbá mi ti dì kalẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ò tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́ mọ́. Ohun tó yọ mí ni pé mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó kí ọjọ́ tó pé. Ṣáájú ọjọ́, ènìyàn ló máa ka ìmeèlì rẹ, á sì bá ọ pín in. Lẹ́yìn ọjọ́, kọ̀ǹpútà ló máa tì ọ́ mọ́ta, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Béèrè owó ìrànwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìnira. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó ìjọba tí físà rẹ kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ka ìlànà rẹ̀ dáadáa, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá ọ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀dínwó, sá. Káàdì tí wọ́n jí ni wọ́n fi ń san án. Owó náà á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni káàdì, tìrẹ á ti bá wọn lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Mo gbàgbé ti ara. O ti san £776 lọ́dún fún ìlera lórí físà yẹn, nítorí náà lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò. Ní December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. NHS, àjọ ìlera ìjọba, ní kí gbogbo ènìyàn máa lo fítámì D, 10 máíkírógíráámù lójúmọ́ nígbà òtútù, àwa aláwọ̀ dúdú tilẹ̀ lè lò ó yípo ọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn tó ń gbọ́ tẹnu ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni. Bí òru kan bá wá pọ̀ jù fún ọ, pe Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ tẹnu ènìyàn lórí fóònù, 116 123. Wọn kì í sùn, kì í sì í jẹ owó fóònù.

Bí àìsàn tàbí òfò bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí àròkọ fẹ́ pé, fóòmù wà tí wọ́n ń kọ kí gbèdéke tó dé. Bí pásítọ̀ bá ní kó o gbààwẹ̀, gbà á. Ṣùgbọ́n kọ fóòmù náà kó o tó ṣínu.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì.

Máníjà gbé mi lọ sí òru Àbámẹ́ta, kò tilẹ̀ jiyàn. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka. Obìnrin tó dáhùn ní ọjọ́ kejì sí i làwọn ì bá kọ sí mi. Wọ́n pín owó tó kù sí mẹ́ta.

Mo lọ bá olùkọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba ẹgba. Ó ní kí n jókòó, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ní ojú ìwé kẹrin, mo ti kọ gbólóhùn kan nípa ìgbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kebbi, pé mo rí àwọn tó gba nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi bo tòmátì nínú oko, torí ewúrẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́ kí n tó fi àròkọ náà ránṣẹ́, mo rò pé kò jọ ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ibẹ̀ gan-an ló fi ìka sí. Ó ní, "Ibí nìkan ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ." Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí i pè. Ẹ̀ẹ̀kẹrin dáa.

Mo ṣe akọ̀wé bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Wọ́n fi mí sí WhatsApp. Ọ̀kan ní àwọn rò pé mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mi ò gbà á gbọ́, àmọ́ mo ti wà níbẹ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣì ń ṣófo. Mo dé ACS ní Wẹ́sídeè. Bàbá, ìrẹsì wọn ò láta, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.

Mi ò tíì pe màmá mi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Pè wọ́n lálẹ́ yìí.

Tíṣà Oníṣọ́ọ̀kì

Àròkọ kejì ńkọ́?

Ọmọ Òṣogbo

Ọjọ́ 14 ni gbèdéke, sà. Mo ti bá Lágbájá jà ní ojú ìwé kejì.